Fìlà Àlájì lórí háńgà mi

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe, ní Màkún, ní Ṣàgámù. Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Kí wọ́n tó lẹ fọ́tò ẹnikẹ́ni mọ́ ògiri, aṣọ ẹgbẹ́ á ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi: bùbá ọgọ́rùn-ún, fìlà ọgọ́rùn-ún, ojú olóṣèlú níwájú, ojú ẹ̀ lẹ́yìn. Ohun tó le nínú iṣẹ́ náà ni kí ojú ọ̀hún má bọ́ síbi tí kò yẹ. Ọdún kan wà tí ọmọṣẹ́ mi gé aṣọ láìwò ó dáadáa, ni ojú ọ̀gá bá jókòó gbọnin-in sí ìdí ìró gbogbo àwọn ìyálọ́jà. Wọn ò san owó tó kù títí dòní.

Gbogbo ẹgbẹ́ ni mo ń rán aṣọ fún. Mo mọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí gbogbo ọ̀tá tó wà ládùúgbò wa, mo sì mọ̀ pé ìwọ̀n kan náà ni púpọ̀ nínú wọn. Bí mo bá ṣèèṣì gbé bùbá ẹni ibí fún ẹni ọ̀hún, á wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Mo ti ṣe é rí.

Òpópónà wa gùn, ó sì dagẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà lápá ibi tí títì ọlọ́dà gbà kọjá là ń pè ní ará òkè. Àwọn tó wà níbi tí àgbàrá ń lọ dúró sí là ń pè ní ará ìsàlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi wà láàárín. Ẹ má rò pé ọgbọ́n ni mo fi yan ibẹ̀ o. Ibẹ̀ lowó mi ká lọ́dún 1994.

Lóṣù kẹwàá ọdún 2022, tíràńsífọ́mà wa jó. Ó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ìbọn, ó parí. A bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó, 15,000 náírà ojúlé kọ̀ọ̀kan. Owó ò tíì tó ìdajì nígbà tí olùdíje kan gbé tuntun dé lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, òun àti bánà tó tóbi ju tíràńsífọ́mà lọ. Ẹni àwọn ará òkè ni. Àwọn ará òkè lu agogo, wọ́n jó, wọ́n ní kí gbogbo àdúgbò jáde wá dúpẹ́. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ní àwọn ò ní í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi iná ra ìbò. Ará òkè ní kò burú, wáyà ò ní í kọjá ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ará ìsàlẹ̀ ní kí wọ́n dán an wò. Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn tó fẹ́ fa iná dé, wọn ò bá fíùsì níbẹ̀ mọ́. Ẹnìkan ti tú u lọ lóru.

Bí ìpàdé àdúgbò ṣe di méjì nìyẹn, ọjọ́ kan náà, aago kan náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Lóṣù kejì, ìyá àgbà kan kú ní ìsàlẹ̀, ẹni tó gbẹ̀bí ìdajì àwọn ọmọ tó ń sáré kiri lókè. Èèyàn mẹ́rin péré ló sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn dárò. Èmi rán aṣọ òkú, mo kà wọ́n.

Ẹlòmíì lè máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo èyí. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dìbò ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn lóṣù kẹwàá ọdún 1965, Ọ̀pẹ, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, lọ̀pọ̀ ilé ní Rẹ́mọ. Awólọ́wọ̀ fúnra ẹ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, wà lẹ́wọ̀n ní Kàlàbá. Ẹni tó bá ní òun kì í ṣe Ọ̀pẹ lásìkò náà, lójú àwọn èèyàn, ó ti ta ọmọ ìyá ẹ̀. Bàbá bàbá mi ya Dẹ́mọ̀, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá. Kì í ṣe ìfẹ́ Akíntọ́lá ló gbé e débẹ̀. Kòkó ló ń rà, láísẹ́ǹsì ló ń wá. Wọ́n wẹ́tìẹ̀ ilé ẹ̀. Bàbá mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, rí ojú ẹni tó gbé pẹtiróòlù dání: ẹni tí bàbá àgbà bá sọ ọmọ lórúkọ lọ́sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni. Títí bàbá mi fi kú, kò gba omi mu ní agboolé yẹn. Àwọn ọmọ-ọmọ onílé náà wà lára àwọn oníbàárà mi. Wọn ò mọ̀. Èmi ni mo mọ̀, mo sì ń fi téèpù wọn èjìká wọn.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí i pé fíùsì ti dàwátì, ìbẹ̀rù tó mú mi kì í ṣe ti òkùnkùn.

Ìbò dé, ìbò lọ. Ẹni tó gbé tíràńsífọ́mà wá fìdí rẹmi, kò sì yà wá wò ó mọ́. Bánà ya, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ ẹ̀. Ó yẹ kí n sọ pé àwọn àgbà ló wá là wá, tàbí pásítọ̀ àti lèmọ́mù. Wọ́n gbìyànjú, gbogbo wa ṣe àmín, a jáde, a tún pín sọ́tùn-ún sósì. Ohun tó fọ́ wa lórí pọ̀ ni owó epo. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo nígbà tí oṣù karùn-ún ọdún 2023 ń parí lọ. Lítà pẹtiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bíi 200 náírà fò kọjá 500. Èmi tí mo ń da lítà márùn-ún sí jẹnẹrétọ̀ lóòjọ́, mo padà sí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Ẹni tó ń ta ẹja dídì lókè pa fíríìjì ẹ̀. Ẹni tó ń ta omi tútù nísàlẹ̀ pa tiẹ̀. Àwọn méjèèjì wá ń ra yìnyín lọ́wọ́ ẹnìkan náà ní Sábó, wọ́n ń pàdé lórí ìlà láàárọ̀, wọn ò kí ara wọn.

Lásìkò yẹn ni mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Ó máa ń pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ọ̀hún nìkan kọ́ o." Ó wá ń ṣàlàyé.

Lẹ́yìn tí wọ́n dìbò níbẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2016, tí Trump na Hillary Clinton, ó ní ọmọ ń bá bàbá yan odì, wọn ò lè jókòó ti oúnjẹ ọdún pọ̀. Lóṣù kejìlá ọdún náà, bí ogún èèyàn pàdé ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní South Lebanon, ní Ohio yẹn náà. Àwọn tó dìbò fún Trump àti àwọn tó dìbò fún Clinton, iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Láti inú ìpàdé yẹn ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Braver Angels lónìí ti jáde. Mẹ́ta nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni David Blankenhorn, David Lapp àti Bill Doherty. Bill Doherty yìí, iṣẹ́ tó ń ṣe ni kí ó máa bá tọkọtaya tí ilé wọn fẹ́ tú sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Nítorí ẹni tó ń parí ìjà tọkọtaya ò ní í sọ fún ìyàwó pé kó di ọkọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, nínú ẹgbẹ́ náà, bí ẹni tó ń darí bá jẹ́ ti apá kan nínú òṣèlú wọn, ẹnìkejì ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti apá kejì. Kò sí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á pín ara wọn sọ́nà méjì, ìpín kọ̀ọ̀kan á kọ irọ́ tí àwọn yòókù ń pa mọ́ ọn sílẹ̀, á sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ dípò ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó le á tẹ̀ lé e: nínú irọ́ yẹn, ǹjẹ́ òótọ́ díẹ̀ ò sí níbẹ̀?

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní òyìnbó á tún wá kọ́ wa ní ìpàdé. Ṣùgbọ́n mi ò lè sùn lóru ọjọ́ náà, mo ń ronú edan, ère idẹ àwọn Ògbóni.

Ọmọ ìjọ ni mí o, mi ò wọ ilédì wọn rí, ẹnikẹ́ni má sì jẹ́ kí wọn máa sọ ọ́ kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí ní Rẹ́mọ ò lè sọ pé òun ò mọ Òṣùgbó, orúkọ tí à ń pe Ògbóni níbí. Kí òyìnbó tó dé, ọba níbí àti ní Ìjẹ̀bú kì í dá ìlú ṣe. Àwọn Òṣùgbó wà níbẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìlámùrẹn, ìgbìmọ̀ àwọn olóyè ńlá, wà níbẹ̀, Pàmpá náà sì wà tó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn mẹ̀kúnnù. Ẹni tó bá sì ti rí edan rí, nínú fọ́tò pàápàá, á rí i pé ère méjì ni, akọ àti abo, tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀ láti orí. Wọn ò yọ́ méjèèjì pọ̀ di ère kan. Akọ ṣì jẹ́ akọ, abo ṣì jẹ́ abo. Ẹ̀wọ̀n yẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀kan dá lọ.

Mi ò fẹ́ sọ pé gbogbo nǹkan dára nígbà náà. Àwọn ìyá wa mọ ohun tí Òṣùgbó lè ṣe tó bá bínú. Ère yẹn ṣáà ni mi ò gbàgbé.

Ọjọ́ Sátidé kan lóṣù kẹjọ ni mo pè wọ́n sí ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn márùn-ún láti òkè, márùn-ún láti ìsàlẹ̀. Mo kó ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo yá bẹ́ǹṣì, mo se ìkókórẹ́ ìkòkò kan, torí ẹni tó bá ń jẹ ìkókórẹ́ gbígbóná ò lè pariwo. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe: aṣọ ẹgbẹ́ ò gbọ́dọ̀ kọjá ilẹ̀kùn. Mo gbé háńgà onírin mi síta, mo ní ẹni tó bá wọ fìlà ẹgbẹ́ kó fi kọ́ ọ.

Èmi ni mo rán gbogbo fìlà náà. Mo mọ̀ wọ́n.

Àlájì, olórí ará òkè, dé pẹ̀lú abẹtí-ajá ẹgbẹ́ ẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ́. Ó ní òun ò lè bọ́ fìlà. Mo ní, "Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀wọ̀ yín ò sí nínú fìlà." Ó tú u. Orí Àlájì pá kanlẹ̀, ó ń dán bí àwo. Àwa tí a ti jọ wà ládùúgbò láti ogún ọdún ó lé, kò sẹ́ni tó rí orí ẹ̀ rí. Gbogbo ilé dákẹ́. Tíṣà, àgbà olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ olórí ará ìsàlẹ̀, tó sì ti tó oṣù méje tí kò kí Àlájì, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó tú fìlà tirẹ̀ náà, fìlà lásán tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan. Tirẹ̀ tún pá ju ti Àlájì lọ.

Bí mo bá ní kí n máa fi orí pípá ṣe àlàyé bí ìlú ṣe ń tòrò, ẹ ò ní í gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀.

Mo pín bébà. Mo ní kí ìpín kọ̀ọ̀kan kọ ohun tí àwọn yòókù ń sọ nípa wọn. Àwọn ará òkè ò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. "Wọ́n ní owó la gbà ká tó dìbò. Wọ́n ní ẹrú olóṣèlú ni wá." Mo ní ó dáa, kí lòótọ́ ibẹ̀? Àlájì sọ̀rọ̀ gígùn kan nípa ìdàgbàsókè. Ó ń sọ ọ́ lọ títí Ìyá Elépo, ẹni òkè kan náà, fi ní, "Àlájì, ẹ dákẹ́ ná. A gbà á. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni wọ́n fún mi. Mo fi ra gààrí àti kúlíkúlí, mo fi èyí tó kù san owó ìwé ọmọ-ọmọ mi. Bí àwọn yẹn bá gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wá, màá gbà á pẹ̀lú." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó tún sọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ mí lára: "Ìtìjú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti èmi nìkan."

Ó kan àwọn ará ìsàlẹ̀. Tíṣà ka tiwọn, ó kọ ọ́ dáadáa, ó fi àmì sí i. "Wọ́n ní a ò fẹ́ ìlọsíwájú. Wọ́n ní ó tẹ́ wa lọ́rùn ká wà lókùnkùn ju kí ẹlòmíì gba ògo lọ." Mo bi í léèrè òótọ́ ibẹ̀. Ó ní kò sí. Mo dúró. Ní Ohio, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi pé kí n dúró, kí n má fi ọ̀rọ̀ dí àlàfo. Mo dúró débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí èédú ṣe ń tà nínú áyọ́ọ̀nù. Bùrọ̀dá Wáyà, ẹni tó ń ṣe iná mànàmáná fún ilé kálukú ní ìsàlẹ̀, gbọ́wọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ó ní, "Fíùsì yẹn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

Ó ní òun ò fẹ́ jí i. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n wá bẹ òun ni. Kò sẹ́ni tó wá, ìtìjú ò sì jẹ́ kó dá a padà. Oṣù méje ló fi sùn lórí ẹ̀, òun náà nínú òkùnkùn.

Àlájì dìde. Mo rò pé ìjà ti dé. Ó ní, "Ṣé ìkókórẹ́ ṣì kù?"

N ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ó parí síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jà lórí orúkọ. Àwọn kan fẹ́ ká fi ọ̀dà pa orúkọ olóṣèlú rẹ́ lára tíràńsífọ́mà, àwọn kan ní ẹni tó ṣoore ò yẹ ká bẹ́ lórí. Wọ́n ní kí àwa tí a fẹ́ ìrẹ́pọ̀ kúkú sọ ara wa di ẹgbẹ́ aláìlẹ́gbẹ́, kí kálukú ya káàdì ẹ̀. Tíṣà ló fèsì. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ta ló kọ́ Ṣàgámù?" Gbogbo wa mọ ìdáhùn, a kọ́ ọ níléèwé. Lọ́dún 1872, nígbà ogun, ìlú mẹ́tàlá ló kó wá síbì kan kí ọ̀tá má baà rí wọn pa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Òfin, Màkún, Ẹ̀pẹ́, Adó, Látawa àti àwọn yòókù. Tíṣà ní, "Ǹjẹ́ wọ́n ní kí Màkún má jẹ́ Màkún mọ́? Oyè ọba wa, Ewùsì, ṣì wà. Ti Akárìgbò wà ní Òfin. Ta ló kó orúkọ ẹ̀ dànù? Odi kan ni wọ́n jọ ṣọ́."

Mo mọ̀ pé ìtàn ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Oyè àti ilẹ̀ ti fa ẹjọ́ láàárín àwọn ìlú yẹn, ó ń fà á lọ. Ṣùgbọ́n ó gbà wá lọ́wọ́ àsọtúnsọ. A fi orúkọ olóṣèlú sílẹ̀ níbi tó wà. A kọ orúkọ òpópónà wa sókè ẹ̀ ní lẹ́tà tó tó ìlọ́po mẹ́ta. Àlájì ló ra ọ̀dà. Iná dé ní oṣù kọkànlá, ó tún lọ ní Kérésì, ó tún dé. Ẹ mọ̀ bí iná ṣe ń ṣe.

Láti ìgbà náà, àwọn mẹ́wàá yẹn ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Alága ọ̀hún ń yí: oṣù yìí ará òkè, oṣù tó ń bọ̀ ará ìsàlẹ̀. Bí a bá ní ìwé tí a fẹ́ kọ sí ìjọba, ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Àlájì àti Tíṣà jọ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan nítorí gọ́tà tó dí nísàlẹ̀, akọ̀wé tó jókòó níbẹ̀ bi wọ́n pé ẹgbẹ́ wo ni wọ́n ti wá. Àlájì dárúkọ tiẹ̀. Tíṣà dárúkọ tiẹ̀. Akọ̀wé ò mọ ibi tí yóò fi fáìlì sí. Wọ́n ti lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà máa dé ọwọ́ wọn tààrà, Tíṣà gé ìròyìn náà nínú ìwé ìròyìn, ó fi pamọ́ sápò, ó ń mú un lọ síbi gbogbo. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, iyanrìn ìdajì tírọ́ọ̀kì la tíì rí gbà. A fi dí kòtò kan.

Mo ní láti sọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà.

Nígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀ lọ́dún 2024, ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ di káńsẹ́lọ̀ gbọ́ nípa ìpàdé wa. Ó fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀. Ó gbé ìrẹsì wá, ó ní ohun tó dára báyìí yẹ kó ní orúkọ, kó ní aṣọ, kí òun jẹ́ bàbá ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ó ní kí n rán àǹkárá ọgọ́fà, ó sì san ìdajì owó lójú ẹsẹ̀. Mo gbà á. Mo gbà á, mo kà á, mo fi sábẹ́ ẹ̀rọ. Mo ti gé ogún nínú ẹ̀ kí Àlájì tó yọjú lọ́jọ́ ìpàdé. Ó wo aṣọ náà lórí tábìlì. Kò bá mi jà. Ó bọ́ fìlà ẹ̀, fìlà funfun lásán tó ti ń wọ̀ wá ìpàdé láti ọjọ́ yìí, ó fi kọ́ háńgà, ó sì jókòó síta. Kò wọlé. Tíṣà náà jókòó tì í. Àwọn méjèèjì jókòó síta pẹ̀lú orí lásán nínú oòrùn títí mo fi ká aṣọ náà nílẹ̀.

Mo dá owó padà, mo sì fi tèmi ra ogún tí mo ti gé. Ó dùn mí dé egungun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò dùn mí.

Nígbà tí mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn lọ́dún kan náà. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ No Labels, láti ọdún 2010 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ méjì tó ń jà lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n lọ́wọ́ nínú bí àwọn aṣòfin láti apá méjèèjì ṣe dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 2017, tí iye wọn máa ń dọ́gba nínú ẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ fa olùdíje fún ipò ààrẹ kalẹ̀ fúnra wọn lọ́dún 2024. Inú bí àwọn tó ń bá wọn rìn, wọn ò rí gbajúmọ̀ tó máa gbà á, wọ́n sì jáwọ́ lóṣù kẹrin ọdún náà. Mo ní, "Àwọn náà ti gé àǹkárá." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi há a lọ́fun.

Ọ̀rọ̀ alárinà yìí ló ń rú mi lójú jù. Níbi tí mo wà láàárín òpópónà, àwọn èèyàn á máa sọ pé, "Télọ̀, ìwọ lo yẹ kó o máa darí wa, ìwọ lo ò ní ẹgbẹ́." Irọ́ ni. Mo ní ẹgbẹ́, mo ní ẹni tí mo dìbò fún, mi ò sì ní í sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà. Ẹni tó bá ní òun ò ní ibì kankan lọ́kàn, mo máa ń fura sí i; ó lè jẹ́ pé owó ẹni tó máa gbé e ni kò tíì pé. Àlájì ò tíì kúrò lẹ́yìn ẹgbẹ́ ẹ̀, Tíṣà ò tíì kúrò lẹ́yìn tiẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ wọn fi ń wọ àwọn èèyàn wọn létí nígbà tí wọ́n bá padà délé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìrẹ́pọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Nínú ìbò ìjọba ìbílẹ̀ wa ti oṣù kọkànlá ọdún 2024 yẹn, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló kó gbogbo ipò alága ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọmọbìnrin kan tó ń ra sípù lọ́dọ̀ mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ìjà ti tán, gbogbo wọn ti di ọ̀kan. Mo bi í pé nínú edan tí a bá gé ọ̀kan dànù, kí ni ẹ̀wọ̀n ń so? Ó wò mí bí ẹni pé ooru ti mú mi. Ó san owó sípù ẹ̀, ó lọ.

Ìbò 2027 ti ń rùn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ará òkè ti gbé odidi ìdì àǹkárá wá, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wọn àwọn aṣáájú. Ọjọ́ kejì ni ti ìsàlẹ̀ dé. Mo fi ọ̀kan sórí pẹpẹ ọ̀tún, èkejì sórí ti òsì, mo sì ti sọ fún ọmọṣẹ́ mi pé ẹni tó bá gé ojú ẹnikẹ́ni sí ìdí ìró lọ́tẹ̀ yìí, òun ni yóò lọ ṣàlàyé.

Ìpàdé oṣù yìí gbóná díẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ gọ́tà, wọ́n fa ọ̀rọ̀ ta ló gba ìrẹsì ní 2024, Ìyá Elépo bínú jáde, ó tún padà wọlé torí ó gbàgbé bàtà. Nígbà tí wọ́n túká, ilẹ̀ ti ṣú, iná wà. Mo ń pa ilẹ̀kùn dé ni mo rí fìlà Àlájì lórí háńgà síbẹ̀. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní kí n jẹ́ kó wà níbẹ̀, pé òun á tún padà wá lóṣù tó ń bọ̀ náà ni.

Mo fi ọ̀rá bò ó kí eruku má baà bà á jẹ́.